Ẹni Tí Ó Wọlé Kẹ́yìn

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí pé n ó parí ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lóṣù tí ó kọjá lórí owó ilé àti àwọn onílé wa. Ẹ foríjì mí. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti já lu èyí, kò sì ṣeé tì sẹ́yìn.

Ní Sátidé kan tí yìnyín bo gbogbo ọ̀nà mọ́lẹ̀, àbúrò kan nínú ẹgbẹ́ wa kan ilẹ̀kùn mi. Kò tíì pé ọdún kan tí ó ti ilé dé. Mo rò pé ebi ni ó gbé e wá, nítorí mo gbé ẹ̀wà ka iná, òórùn rẹ̀ sì ti dé ẹnu ọ̀nà ìta. Kì í ṣe ebi. Èsì ìdánwò rẹ̀ ni ó jáde, "C" ni wọ́n fún un nínú ìṣirò. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú nínú kíláàsì náà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí. Mo ti dójú ti gbogbo wa." Mo bi í pé ta ni "gbogbo wa" yẹn. Ó ní gbogbo dúdú ni. Mo ní òyìnbó mélòó ni ó gba "C" nínú kíláàsì náà? Ó ní wọn yóò tó mẹ́wàá. Mo ní ṣé àwọn náà ń sunkún kiri pé àwọn dójú ti ìran àwọn? Kò dá mi lóhùn. Mo bu ẹ̀wà fún un.

Bí ó ti ń jẹun lọ́wọ́ ni mo sọ ìtàn ọkùnrin kan fún un. Ìtàn náà ni mo mú wá fún yín, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe àbúrò yìí nìkan ni ẹrù bẹ́ẹ̀ wà lórí rẹ̀ nínú wa.

Elijah Green ni orúkọ ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Pumpsie ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ìyá rẹ̀ ni ó ń pè é bẹ́ẹ̀ láti kékeré, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn títí ó fi kú. Bésìbọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Amẹ́ríkà, ẹ má jẹ́ kí eré náà dẹ́rù bà yín. Ẹ rántí ráúńdàsì tí àwọn ọmọbìnrin máa ń gbá ní pápá ilé-ìwé wa nílé: ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì fi igi gbá a, ó sì ń sáré láti ibùdó dé ibùdó kí wọ́n tó fi bọ́ọ̀lù lé e bá. Ẹbí kan ni òun àti bésìbọ́ọ̀lù. Ibùdó mẹ́rin ni ó wà. Àwọn mẹ́rin ń ṣọ́ inú nítòsí àwọn ibùdó wọ̀nyí, àwọn mẹ́ta sì ń ṣọ́ ẹ̀yìn lọ́ọ̀ọ́kán. Ara àwọn tí ń ṣọ́ inú ni Pumpsie. Lónìí wọ́n lè fi í sí ibùdó kejì. Lọ́la wọ́n lè fi í sí àárín ibùdó kejì àti ìkẹta, níbi tí àwọn òyìnbó ń pè ní shortstop. Ó lè dúró ní ọ̀tún gbá bọ́ọ̀lù, ó sì lè dúró ní òsì.

Ṣé ó mọ̀ ọ́n gbá? Ó mọ̀ ọ́n gbá níwọ̀n. Nínú eré yìí, ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù já ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ọ̀gá ni wọ́n ń pè é. Tí a bá ṣírò ti Pumpsie sórí ìgbà 1,000, 246 ni yóò jẹ́. Eré 344 ni ó gbá ní ìpele tí ó ga jùlọ, láti 1959 dé 1963, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fò kọjá ògiri nígbà 13 péré. Ẹ wo àwọn aránṣọ tiwa nílé. Ẹnì kan wà tí ó ti ṣe fúrídọ̀ọ̀mù, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní ṣọ́ọ̀bù ti ara rẹ̀. Bí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́dún Iléyá tàbí Kérésì, ọ̀gá kan a ránṣẹ́ sí i. Bí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn, a kó sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Pumpsie nínú bésìbọ́ọ̀lù. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ti kọjá nínú eré náà, kò sì sí ẹni tí ó rántí wọn.

Kí ló dé tí a fi rántí òun? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilé tí ó wọ̀.

Fún ọdún tí ó lé ní àádọ́ta, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ ńláńlá nínú bésìbọ́ọ̀lù kò gba dúdú kankan láyè. Kò sí òfin tí wọ́n kọ sílẹ̀. Àdéhùn ẹnu ni, ẹ sì mọ̀ pé àdéhùn ẹnu le ju òfin lọ, nítorí kò sí ìwé tí ènìyàn lè gbé lọ sí kóòtù. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1945, ẹgbẹ́ Boston Red Sox pe dúdú mẹ́ta wá sí pápá wọn, Fenway Park, láti dán wọn wò. Kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é. Isadore Muchnick, ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú Boston, ni ó ti fi ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda eré ọjọ́ Àìkú há wọn mọ́. Àwọn mẹ́ta náà ni Jackie Robinson, Sam Jethroe àti Marvin Williams. Wọ́n gbá, wọ́n jù, wọ́n sáré. Wọ́n ní ó dára, àwọn yóò kàn sí wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá iṣẹ́ ìgbà ooru rí ní ìlú yìí, ẹ mọ ohun tí "a ó kàn sí yín" túmọ̀ sí. Wọn kò kàn sí ẹnì kan.

Lọ́dún 1947 Robinson bẹ̀rẹ̀ sí gbá fún Brooklyn Dodgers, ayé sì mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1950 Jethroe wọ Boston Braves, ẹgbẹ́ kejì tí ó wà ní Boston nígbà náà, wọ́n sì fún un ní oyè ọmọ tuntun tí ó dára jùlọ ní ìdíje wọn. Red Sox wà lódìkejì ìlú, wọ́n ń wò. Willie Mays, tí ọ̀pọ̀ kà sí ẹni tí ó mọ eré náà jù nínú gbogbo àwọn tí ó ti gbá a, ṣì jẹ́ ọmọdé ní Birmingham nígbà tí ààyè àtirà á yọ sí wọn. Wọ́n jẹ́ kí ó lọ. Ẹgbẹ́ ńlá 16 ni ó wà láyé ìgbà náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn. Detroit ṣí tirẹ̀ lọ́dún 1958, ó wá ku Boston nìkan. Robinson ti gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ tán, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́yìn sáà 1956, irun rẹ̀ ti ń funfun, síbẹ̀ Red Sox kò tíì gba dúdú kan ṣoṣo. Ìlú Boston yìí kan náà ni o, tí wọ́n ń mú wa káàkiri láti fi ilé àwọn tí ó jà fún ìdásílẹ̀ ẹrú hàn wá.

Inú ìpínlẹ̀ Oklahoma ni wọ́n ti bí Pumpsie, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1933, ṣùgbọ́n Richmond ní California ni ó dàgbà sí. Nígbà èwe rẹ̀, ẹgbẹ́ Oakland Oaks tí ó wà nítòsí ilé wọn ni ó wù ú. Kò lá àlá Boston rí. Ẹgbẹ́ Oaks ni ó kọ́kọ́ gbà á sí abẹ́ wọn, láti ibẹ̀ ni Red Sox ti rà á. Ó ń gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀, láti ẹgbẹ́ kékeré kan dé òmíràn. Nígbà tí ó wà ní Oklahoma City, bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Shreveport ní Louisiana, wọ́n a fi í sílẹ̀ sílé, nítorí òfin ìpínlẹ̀ náà kò gbà kí dúdú àti funfun jọ ṣeré. Ìsinmi ni ó ń pè é. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo ọdún púpọ̀ nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí ó mọ bí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹ̀rín.

Nígbà tí sáà 1959 kù díẹ̀, Red Sox mú un dání lọ sí ìgbáradì wọn ní Scottsdale ní Arizona. Hòtẹ́ẹ̀lì tí gbogbo àwọn yòókù sùn sí kò gba dúdú. Phoenix ni wọ́n wá ibùsùn sí fún un, òun nìkan. Lójúmọ́, bí eré bá parí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a jọ jẹun alẹ́, a jọ ta káàdì; òun a padà sí ìlú kejì. Síbẹ̀ ó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, àwọn oníwèé ìròyìn sì rò pé iṣẹ́ ti bọ́ sí i. Nígbà tí ó ku ọjọ́ díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá a padà sí ẹgbẹ́ kékeré wọn ní Minneapolis.

Ọ̀rọ̀ náà di ariwo. NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ní kí wọ́n ṣe ìwádìí. Àwọn kan gbé páálí dání lẹ́nu ọ̀nà Fenway. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ Massachusetts tí ń rí sí ìyàsọ́tọ̀ pe àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà wá wí ẹnu wọn, ó sì tú wọn sílẹ̀ láìdá wọn lẹ́bi. Kí ni Pumpsie ń ṣe ní gbogbo àkókò yìí? Ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Minneapolis. Ó gbá a dé 320 nínú 1,000, èyí tí kò gbá irú rẹ̀ ní Boston rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje wọ́n lé olùkọ́ni Red Sox, Mike Higgins, kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Billy Jurges sì gba ipò rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe Pumpsie.

Ọjọ́ 21 oṣù Keje ọdún 1959 ni, ní ìlú Chicago. Ẹ má rò pé ó wọlé pẹ̀lú ìlù àti fèrè. Eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí wọ́n ní kí ó lọ bá Vic Wertz sáré ní ibùdó kìíní. Ó sáré, wọn kò gbá a délé. Lẹ́yìn náà ó dúró ní shortstop. Red Sox pàdánù, 2 sí 1. Báyìí ni ilẹ̀kùn tí ó kù lẹ́yìn ṣe ṣí, ọdún 12 lẹ́yìn Robinson: ọkùnrin kan bá ẹlòmíràn sáré.

Níbi tí mo dé yìí ni àbúrò wa gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni ńlá ló yẹ kí wọ́n fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀." Mo ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Robinson ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe, mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ tó Robinson, ọ̀tá rẹ̀ pàápàá yóò fẹ́ gbà á, nítorí èrè ni. Gbígba Robinson kò sọ pé dúdú jẹ́ ènìyàn bí ènìyàn. Ó lè máa sọ pé dúdú yìí ṣàrà ọ̀tọ̀. Àwọn òyìnbó aláàárín ti kún orí bẹ́ǹṣì gbogbo ẹgbẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá bésìbọ́ọ̀lù, wọ́n ń gba owó oṣù wọn, wọ́n ń kùnà lónìí, wọ́n ń wá lọ́la. Ohun tí wọn kò fún dúdú nìyẹn, ààyè láti jẹ́ aláàárín kí ó sì padà wá ní ọjọ́ kejì. Òun ni Pumpsie gbà. Fún èmi, kò kéré sí ti Robinson. Bí ẹnì kan nínú yín bá rò pé mo ṣàṣejù, kí ó kọ̀wé sí olóòtú.

Òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹrù náà rárá. Títí ó fi darúgbó ni ó ń sọ fún àwọn oníwèé ìròyìn pé kì í ṣe Jackie Robinson, bọ́ọ̀lù ni òun wá gbá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí ó gbá a bẹ́ẹ̀? Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní Fenway, àwọn dúdú Boston wá tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, gẹ́gẹ́ bí òun náà ti sọ, wọ́n fi okùn ya ibi kan sọ́tọ̀ fún wọn lẹ́yìn pápá. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè láti gbá. Gbogbo ènìyàn dìde, àti dúdú àti funfun. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ọmọ ọdún 25, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì dìde dúró nítorí rẹ̀ kí ó tó ṣe ohunkóhun. Ó gbá bọ́ọ̀lù náà lọ lu ògiri gíga tí ó wà lápá òsì, ó sì sáré dé ibùdó kẹta.

Kò dá nìkan wà pátápátá. Earl Wilson, tí ó ń ju bọ́ọ̀lù, wọ ẹgbẹ́ náà láàárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, dúdú sì di méjì. Bill Russell, òmìrán Boston Celtics tí òun náà dàgbà sí ẹ̀bá Oakland, di ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú. Ted Williams, òyìnbó, ẹni tí ó lókìkí jù nínú gbogbo Red Sox, a máa pè é kí àwọn méjèèjì jọ ju bọ́ọ̀lù síra wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, kò pe oníwèé ìròyìn sí i. Ó ń pè é ni ṣáá. Èmi fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò gba àlàyé púpọ̀. Lọ́dún 1960 ó gbá eré 133, òun ni ó pọ̀ jù fún un. Higgins sì ti padà sí ipò olùkọ́ni. Lọ́dún 1961 wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ àpẹ́ńdíìsì fún un, síbẹ̀ ó gbá a dé 260.

Ṣùgbọ́n n kò lè fo ti ọdún 1962, nítorí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní oṣù Keje, wọ́n nà wọ́n ní New York, ooru mú, ọkọ̀ sì há mọ́ ojú títì. Gene Conley, òyìnbó gíga bí igi àgbọn tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsínúgbá fún Celtics rí, ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Pumpsie tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n jáde, bọ́ọ̀sì ti lọ. Àwọn ọkùnrin méjì náà kò sì wá a. Wọ́n wá ọtí. Ní ọjọ́ kejì ara Pumpsie wálẹ̀, ó padà sídìí iṣẹ́, ó san owó ìtanràn. Conley ní tirẹ̀ gba pápákọ̀ òfuurufú lọ, ó ní Jerúsálẹ́mù ni òun ń lọ. Wọn kò jẹ́ kí ó wọ ọkọ̀, kò ní páṣípọ́ọ̀tù. Àwa tí a ti tò láti ìdájí nítorí físà, ẹ jẹ́ kí a bá a kẹ́dùn.

Àbúrò rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ọ̀kan jẹ́ dúdú, ọ̀kan jẹ́ funfun, àwọn méjèèjì ya ìpátá lọ́jọ́ kan náà. Ayé kò parẹ́."

Ní ìparí ọdún náà Red Sox fi í ṣe pàṣípààrọ̀ sí New York Mets. Eré 17 ni ó gbá fún wọn lọ́dún 1963, ó tún sọ̀ kalẹ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ kékeré títí di 1965, ó sì gbé ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọ́. Kò lówó rẹpẹtẹ. Ó padà sí California, ó gba iṣẹ́ ní Berkeley High School. Ó ju ogún ọdún lọ tí ó fi wà níbẹ̀: ó kọ́ àwọn ọmọ ní bésìbọ́ọ̀lù, ó kọ́ wọn ní ìṣirò, ó sì tún jẹ́ ẹni tí ń wá àwọn ọmọ tí ó bá sá fún ilé-ìwé kiri. (Nígbà tí mo dé orí ìṣirò, àbúrò wò mí bí ẹni pé mo ń parọ́. N kò parọ́.) Àní nínú ilé wọn kì í ṣe òun ni ìràwọ̀. Àbúrò rẹ̀, Cornell Green, gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà fún Dallas Cowboys láti 1962 dé 1974, ó sì gba ife ńlá. Ìka kò dọ́gba, ọwọ́ kan náà ni wọ́n sì wà.

Lọ́dún 2009 Red Sox pè é padà sí Fenway, ó ti lé ní ẹni ọdún 75, ó ju bọ́ọ̀lù ìṣíde eré, àwọn ènìyàn sì tún dìde. Lọ́dún 2018 wọ́n yọ orúkọ Tom Yawkey, tí ó ni ẹgbẹ́ náà ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn, kúrò lára òpópónà ẹnu ọ̀nà pápá náà. Ó tún padà di Jersey Street bí ó ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Pumpsie ṣì wà láyé nígbà náà. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2019, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ó pé 60 ọdún tí ó sáré yẹn ní Chicago.

Àbúrò wa jẹ ẹ̀wà náà tán, ó sì fọ abọ́. Ó ti forúkọ sílẹ̀ láti tún ìṣirò náà ṣe ní sáà tí ń bọ̀. Bí ooru bá dé, èmi àti òun yóò lọ sí Fenway. Ìjókòó òkè pátápátá ni owó wa yóò ká, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ ènìyàn a máa rí ògiri aláwọ̀ ewé lápá òsì dáadáa, gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 37, òun ni bọ́ọ̀lù Pumpsie lọ lù lọ́jọ́ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá wa lọ, kí ó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí olóòtú kí oṣù yìí tó parí. Kí olúkúlùkù sì jẹun yó kí ó tó jáde nílé o, nítorí iye tí wọ́n ń ta búrẹ́dì àti sọ́séèjì nínú pápá yẹn, ó tó owó ìwé kan.